Ọwọ́ Tó Bo Ẹnu Ọmọ

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù kìíní

Ìwé yìí, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n. Dókítà ló ní kí n máa kọ nǹkan sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo rà á.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo bá lọ. Nọ́ọ̀sì fún mi ní bébà oníbéèrè mẹ́sàn-án: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọjọ́ mélòó ni inú yín bàjẹ́, ọjọ́ mélòó ni ẹ ò rí oorun sùn, ọjọ́ mélòó lẹ rò ó pé ì bá sàn kí ẹ kú. Mo kọ òdo sí gbogbo rẹ̀. Bébà tí orúkọ mi bá wà lórí rẹ̀, mi ò kì í fún un ní nǹkan kan.

Dókítà wò ó, ó wo nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru mi. "Doña Emérita, òdo mẹ́sàn-án?"

"Òdo mẹ́sàn-án ni, dókítà."

"Ọmọ-ọmọ yín ńkọ́?"

Yanira ti sọ fún un. Ọmọ tí mo fi inú mi bí ló lọ fẹjọ́ mi sùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí n máa lọ sí kíláàsì kan ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn wọn, Ọjọ́rú mẹ́jọ. Ó ní wọ́n á kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń gbé inú ara rẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ ni.

Àìkú, 2 oṣù kejì

Yìnyín. Ẹyin méjìlá ti di dọ́là méje.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kí n lè yé rò ó. Ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá, èmi àti Arely, ọmọ Yanira, nìkan la wà nílé. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn. Kì í ṣe kíkàn, lílù ni, ẹ̀ṣẹ́ lé ẹ̀ṣẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn aṣọ́bodè tó ń wá àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ọkùnrin mẹ́ta níwájú ilé ìfọṣọ, wọ́n fọ́ gíláàsì ọkọ̀, wọ́n fi irun wọ́ ọ̀kan jáde. Mo pa iná. Mo gbé Arely wọ ẹ̀yìn àga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ló mọ̀? Mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n mọ. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé Yanira ń fi bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lù mí lórí, ó ń ké pé, "Ẹ tú u sílẹ̀! Màmá, ẹ tú u sílẹ̀!" Òun náà ló ń lu ilẹ̀kùn. Ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ó fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn wọlé. Ètè ọmọ ti di àwọ̀ ẹ̀dọ̀.

Àpá ìka mi mẹ́rin wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

Inú ilé onípáànù kan náà la ṣì jọ ń gbé, ṣùgbọ́n bí Yanira bá fẹ́ lọ wẹ̀, ó ń gbé Arely lọ sí balùwẹ̀. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé e lọ fún obìnrin kan lọ́nà odò, tó ń gba ìdajì owó ọjọ́ rẹ̀. Bí mo bá na ọwọ́ sí ọmọ náà, ìyá rẹ̀ á gbé e sí èjìká kejì.

Lálẹ́ àná ó là á mọ́lẹ̀ fún mi. "Mo fún yín di ìparí oṣù kẹta. Bí ẹ ò bá yí padà, mi ò lè máa sanwó fún ẹlòmíì títí láé. A ó kó lọ sí Houston."

"Sọ́dọ̀ Wilmer?"

"Sọ́dọ̀ bàbá Arely."

Wilmer ti fi ìdí ìgò yọ eyín méjì lẹ́nu Yanira rí. Èmi ni mo lọ wakọ̀ gbé e ní Houston, ojú rẹ̀ wú débi pé mi ò dá a mọ̀ ní ibùdókọ̀. Mo rán an létí.

Ó ní, "Èmi ló ń lù. Kò fọwọ́ kan Arely rí."

Ọjọ́rú, 5 oṣù kejì

Àwa mẹ́fà ni kíláàsì. Odalys ló ń kọ́ wa, ọmọ Cuba, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè níta. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà láàrin wa, Don Eleuterio, ará Mexico, òrùlé ló ń kàn. Ìyàwó rẹ̀ ló lé e wá.

Odalys pín èso àjàrà gbígbẹ fún wa, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí a fi ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ ẹ́: kí a wò ó, kí a gbóòórùn rẹ̀, kí a gbé e sí etí.

"Olùkọ́," Don Eleuterio wí, "bí tèmi bá sọ̀rọ̀, ṣé kí n dá a lóhùn?"

"Ẹ dá a lóhùn, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ ẹ́."

"Ká ti jọ sọ̀rọ̀ tán, kí n wá jẹ ẹ́? Olùkọ́, ìkà ni yín."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní kí a dijú, kí a máa gbọ́ èémí ara wa. Èmi ò dijú. Mo ka páálí tó wà lójú àjà: méjìdínláàádọ́ta, ọ̀kan ti jò.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kejì

Odalys ní ọkàn wa á máa sá jáde, kí a má bínú sí i, kí a kàn pè é wọlé, kí a sì wí pé "presente", bí ìgbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ ní kíláàsì. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí.

"Doña Emérita?"

"Mi ò ní í sọ ọ́."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni."

"Mi ò tíì kú."

Don Eleuterio bú sẹ́rìn-ín. "A rí i pé ẹ ò tíì kú, doña. Ẹ ń wò wá bí ẹni tó fẹ́ pa wá."

Mo wá sọ fún wọn. Lábúlé wa ní El Salvador, lọ́jọ́ ìrántí ogun, wọ́n á máa ka orúkọ àwọn tí wọ́n pa níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwa tó kù á sì máa dáhùn pé "Presente", ìyẹn ni pé ó wà níbí. Òkú là ń bá dáhùn. Èmi ò rí ẹni tó dáhùn fún ara rẹ̀ rí.

Odalys tọrọ gáfárà. Ó ní kí n máa wí pé "mo ti dé".

Mo ti dé. Níbo?

Àbámẹ́ta, 15 oṣù kejì

Wákàtí méjì àfikún níbi iṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń gé adìyẹ. Obìnrin tó dúró lápá òsì mi gé orí ìka rẹ̀ já. Ẹ̀rọ kò dúró. Adìyẹ ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn sórí wọn, ọ̀gá ń pariwo pé kí a má ṣe jẹ́ kí nǹkan kó jọ. Èmi ni mo rí ìka náà láàrin apá adìyẹ. Mo gbé e fún un nínú ìbọ̀wọ́, mo padà sí àyè mi. Apá adìyẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ó lé irínwó ni mo gé lónìí. Bí mo bá ń kà, mi ò kì í gbọ́ nǹkan kan.

Mo sọ èyí fún Odalys lórí fóònù nígbà tó pè láti béèrè àlàáfíà. Ó ní, "Àwọn nǹkan tí ẹ ò fẹ́ gbọ́ yẹn, ṣé ìgbà tí ẹ bá dẹ́kun kíkà ni wọ́n ń dé?" Ọmọdé yìí gbọ́n ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kejì

Mo na èèyàn lónìí.

Odalys ní kí a mí sínú, kí a dá a dúró títí òun á fi kà dé mẹ́rin. Ó ka mẹ́rin tán. Àwọn yòókù mí síta. Èmi ò mí. Mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Omi ń bẹ ní orúnkún mi, òórùn ẹrẹ̀ ń bẹ nímú mi, nínú yàrá tó ní kápẹ́ẹ̀tì. Don Eleuterio ló rí i pé ojú mi ti yí. Ó fi ọwọ́ kàn mí lẹ́yìn. Ìgúnpá mi lọ bá a ní imú. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́; ó dún bí egungun apá adìyẹ gan-an. Mo tún fi àga lù ú nígbà tó ṣubú. Obìnrin méjì ló dì mí mú.

Mo rò pé wọ́n á pe ọlọ́pàá. Don Eleuterio ní kí wọ́n má pè é. Ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀.

Mi ò lè sọ fún Yanira. Bí mo ṣe wọlé, Arely sá pamọ́ sẹ́yìn ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kejì

Mo gbé àkàrà alágbàdo tí mo fi wàràkàṣì sí láàrin lọ fún Don Eleuterio, ogún. Imú rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, ojú rẹ̀ méjèèjì dúdú.

"Don Eleuterio, ẹ dárí jì mí."

"Ìyàwó mi béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní mo já bọ́ lórí òrùlé. Ó ní, òrùlé wo ló ní ìgúnpá?" Ó ṣí nylon oúnjẹ náà. "Ogún péré? Imú mi ò ju ogún lọ?"

Ó jẹ mẹ́rin kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Odalys gbé àga mi sí ẹ̀bá ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà wà lẹ́yìn mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ mo dijú. Bóyá ìṣẹ́jú kan.

Àìkú, 2 oṣù kẹta

Mo pe ìyá mi nílé. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó ṣì ń ta ẹyin lójú ọ̀nà. A sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ adìyẹ rẹ̀ tí ajá pa. Mo wá ní, "Màmá, ẹ rántí ihò ẹ̀bá odò?"

"Ihò wo?"

"Toño."

Ó ní, "Mu omi, kí o lọ dùbúlẹ̀. Èèyàn tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ro irú nǹkan báyẹn." Ó pa fóònù.

Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ báyìí.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Mi ò lọ.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Mo sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Odalys ní kí a dúró ti ohun yòówù tó bá wá, kí a má lé e, ló bá wá.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Àwọn ọmọ ogun ti sun ilé. Àwa mọ́kànlá la wọ ihò kan lẹ́bàá odò, omi dé orúnkún. Àwọn tó wà ní ihò kejì, wọ́n rí wọn. Wọn ò fi ọta ṣòfò lé wọn lórí, àdá ni wọ́n lò, a sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, a gbọ́ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ àti ìgbà tó dákẹ́. Bàtà wọn bọ̀ sókè orí wa. Toño, àbúrò mi, oṣù mẹ́rin, wà lọ́wọ́ mi. Ó ké. Ẹnìkan ní, pa á lẹ́nu mọ́. Mo pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí bàtà lọ, ọrùn rẹ̀ ti rọ̀. Mo ṣì gbé e títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á.

Odalys béèrè pé, "Ṣé wọ́n máa ń ka orúkọ rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Rárá. Àwọn tí ọmọ ogun pa ni wọ́n ń kà."

Don Eleuterio tẹ orí ba. Ó wá pe orúkọ náà bí tíṣà ṣe ń pè é, kò pariwo: "Toño."

Àwọn yòókù dáhùn. "Presente."

Mo dìde. "Ta ló ní kí ẹ dá a lóhùn? Ta ló bẹ̀ yín?" Mo ju àga, mo jáde. Lẹ́bàá ọkọ̀ mi mo ké débi pé ohùn mi já. Mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu òrùlé ọkọ̀ náà títí ó fi tẹ̀ wọnú, títí awọ ìka mi fi bó. Ìgbà tí mo gbójú sókè, Don Eleuterio dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó di ẹ̀wù òtútù mi mú.

"Mi ò ní í sún mọ́ yín," ó ní. "Mo ti kọ́gbọ́n. Mo fẹ́ gbé e sílẹ̀ níbí."

Ó gbé e sílẹ̀ lórí yìnyín, ó lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹta

Mo sùn fún wákàtí mẹ́sàn-án. Mo pẹ́ síbi iṣẹ́, wọ́n gé owó ọjọ́ mi.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Mo sọ fún Yanira. Ó ń se ẹ̀wà lórí iná, Arely ń wo àwòrán ní yàrá. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ ní kíláàsì, kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó pa iná. "Ìyẹn ni pé ẹ pa á."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ tún fẹ́ pa tèmi."

"Nígbà yẹn, mi ò mọ̀ pé Arely ni."

Yanira kì í ṣe òmùgọ̀. "Èmi ńkọ́, Màmá? Ẹ ṣe é fún èmi náà rí?"

Mo lè purọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń purọ́ rẹ̀, kò ná mi ní nǹkan kan.

"Lẹ́ẹ̀kan. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa kọjá Mexico. Abẹ́ pákó la wà, ọlọ́pàá ń fi ìdí ìbọn lu pákó náà. O ké. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, o ò mí. Obìnrin kan tí a jọ dùbúlẹ̀ ló fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ọ lẹ́nu."

Ó gbé ọwọ́ sí ọ̀fun. Yanira kì í wọ aṣọ tó bá fún un lọ́rùn. Kì í fi aṣọ bo orí sùn, ìbáà jẹ́ pé òtútù fẹ́ pa á.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo bi yín pé kí ló ń ṣe mí? Kí lẹ máa ń sọ?"

"Mo ní kí o má rò ó."

"Ẹ ní kí n má rò ó!" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì burú ju igbe lọ. Ó gbé ìkòkò ẹ̀wà, ó là á mọ́ ògiri. Ó ta sí mi lọ́rùn, ó bó mi. Ó gbé ti ìrẹsì, ó la ìyẹn náà mọ́ ọn. Ó gbá mi láyà, mo fi ẹ̀yìn lu fìríìjì. Ó tún gbá mi. Mi ò gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sínú ẹ̀wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

A jọ gbá a. Ẹ̀wà pọ́ùn méjì. Mi ò sọ iye rẹ̀ jáde lẹ́nu.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹta

Mo ní kí n bẹ àwọn ọmọ kíláàsì pé mo ju àga. Wọ́n ní wọ́n ti ń retí rẹ̀. Odalys ní ìbínú ni ẹ̀rù tí kò rí ọ̀nà sá. Don Eleuterio ní kí ó sọ fún imú òun.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Ìyá mi fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Àkùkọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní:

"Emérita. Ọwọ́ rẹ kéré nígbà yẹn, kò lè bo ẹnu àti imú. Ọwọ́ mi ló wà lórí tìrẹ. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Má pè mí nípa rẹ̀ mọ́."

Mo gbọ́ ọ nígbà mẹ́rìnlá. Mo gbìyànjú láti rí ọwọ́ rẹ̀ lórí tèmi. Nígbà mìíràn mo ń rí i, nígbà mìíràn mi ò rí i. Ogójì ọdún lobìnrin yìí ti ń tajà lójú ọ̀nà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fún oníbàárà ní ohun tó wá rà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹta

Kíláàsì parí. Wọ́n tún fún wa ní bébà oníbéèrè mẹ́sàn-án. Lónìí mo kọ òótọ́ sí i: méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, ọ̀kan. Odalys ṣírò rẹ̀, ó ní ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Dókítà buwọ́ lu ìwé tó fi hàn pé mo parí kíláàsì.

Mo tẹ́ ìwé náà síwájú Yanira. Kò kà á. Ó ní, "Wilmer ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú."

Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Yanira ti di ẹrù sínú àpò kan. Ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wilmer pè ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kejì, ó ń béèrè ẹni tó ń bá Yanira rìn. Yanira ò tilẹ̀ tíì dé ọ̀hún.

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo jókòó, mo mí, ó dùn mí bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé mi, mo sì ṣì jókòó.

Àbámẹ́ta, 29 oṣù kẹta

Aago méjì ku díẹ̀. Arely ń sáré lórí àtẹ̀gùn ìta, ó ṣubú, àgbọ̀n rẹ̀ lu etí irin. Ó là. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, Yanira ń wọ bàtà nínú yàrá. Mo gbé e lé itan. Ẹ̀jẹ̀ dà sí aṣọ rẹ̀ títí dé ìdodo. Ó wá ké. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí, ó gún mi láti etí dé eyín.

Ọwọ́ ọ̀tún mi gòkè. Mo rí i bó ṣe ń gòkè, kò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo mú un, mo fi sábẹ́ ìdí mi, mo jókòó lé e. Mo fi òsì tẹ aṣọ mọ́ àgbọ̀n rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró. Ìka méjì péré ló wà láàrin ibẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Bàtà wà lókè orí mi. Omi wà ní orúnkún mi. Mo jẹ́ kí wọ́n wà.

Aládùúgbò wa ṣí fèrèsé. "Ẹ pa ọmọ yẹn lẹ́nu mọ́, ẹ jọ̀ọ́!"

"Pa fèrèsé rẹ dé!" mo ní. "Ọmọ mi ń ké!"

Arely ké mọ́ mi láyà, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lù mí, ó bu mí jẹ ní èjìká. Mi ò kà á. Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tó jẹ́. Nígbà tí igbe náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, mo rí Yanira lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró ṣinṣin, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó wọ ìkejì. Ó wọlé lọ mú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Àpò dí ilẹ̀kùn. Ó fi ẹsẹ̀ tì í wọ abẹ́ àga kó tó lè rọ́nà kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àgbọ̀n ọmọ rẹ̀, ó ní kò nílò rírán.

"Mo ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá," ó wí. "Bó bá ké tán, omi ló máa ń béèrè."

Mo gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó lọ. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti kú sábẹ́ mi. Mo fà á yọ, mo ń nà án, ó ń ta mí.

Arely ní, "Omi."